Ojú-ju-ẹ̀rọ àti Igo Ìtọ̀ Méjì

Bí ẹ bá rí dókítà tó ń gbé igo ìtọ̀ sójú fèrèsé bí ẹni ń wo wúrà, ẹ tètè kí i: Ojú-ju-ẹ̀rọ ni. Òun ló fún ara rẹ̀ lórúkọ náà. Awò-tó-ń-rìn! Ọ̀gá-mi-ò-nílò-àyẹ̀wò! Ẹni tó wo ìtọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó mọ àrùn, tó tún mọ ohun tí aláìsàn jẹ lánàá!

Àǹtí Igo, tó ń yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò ní yàrá kékeré ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù, kì í bá a jiyàn. Ọ̀gá ni. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ rárá. Ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹta, ojú rẹ̀ wú, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tíì tó pẹ́ lórí iná.

"Ọ̀fun ló kọ́kọ́ dùn ún, bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn," ni ìyá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, wí. "Ó lọ. A rò pé ó ti parí."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà yí Ojú-ju-ẹ̀rọ ká. Ọ̀gá obìnrin kan láti ilé-iṣẹ́ ìlera náà wà níbẹ̀, ó wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Bàbá wa Ojú-ju-ẹ̀rọ wúkọ́ díẹ̀, ó gbé igo ọmọ náà sókè.

"Ojú wú, àbí? Ó ti tó. Asẹ́ inú kíndìnrín rẹ̀ ló ń jò, pùrótéènì ń bá ìtọ̀ lọ. Ẹ fún un lóògùn, kó máa lọ sílé."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Àǹtí Igo wí, "ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé asẹ́ yẹn ló wú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa ru. Gìrì lè mú un nílé! Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ tó ń sọ kékeré di ńlá wò ó."

"Ẹ̀rọ kẹ̀? Èmi tí mo dúró yìí ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Ló bá fa igo mìíràn yọ lápò kóòtù. "Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ìtọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le ṣe ń rí nìyí. Tèmi ni! Ó ya, Àǹtí, ẹ gbé méjèèjì lọ sídìí ẹ̀rọ yín, kí òun náà rí nǹkan gidi wò."

Àǹtí Igo ò dúró gbọ́ ìkejì. Ó gbé ẹ̀rọ wá sórí tábìlì wọ́ọ̀dù, ó kọ́kọ́ wo tọmọ náà, ó sì pe ọ̀gá obìnrin wá wò ó.

"Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ tó dì gbọọrọ yìí, mà. Inú kíndìnrín gan-an ló ti wá. Asẹ́ yẹn ti wú."

Nọ́ọ̀sì so okùn mọ́ apá ọmọ náà, ó wọn bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru. Ó ti ru kọjá ààlà.

"Ọmọ yìí ò lọ síbì kankan!" ni ọ̀gá obìnrin náà pariwo. Ìyá ọmọ náà jókòó gbì sílẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú.

Ó wá kan igo kejì. Àǹtí Igo ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, bébà bá di àwọ̀ ewé.

"Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbí. Pùrótéènì, tó máa ń mú ìtọ̀ hó, ló kún un. Ẹni tó ni èyí gan-an ni asẹ́ rẹ̀ ń jò."

"Wọ́n ti pààrọ̀ igo mi!"

"Orúkọ yín nìyí lára rẹ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

"Kò burú," ni ọ̀gá obìnrin wí. "Ẹ lọ tọ̀ òmíràn wá. A ń dúró."

Gbogbo wọ́ọ̀dù dúró lóòótọ́. A gbọ́ bí bàbá ṣe ń tọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó jáde, ìfófòó ti gba ọrùn igo.

"Màmá!" ni ọmọ orí bẹ́ẹ̀dì kẹta ké. "Ti dókítà ń hó bí ọṣẹ!"

Ọ̀gá obìnrin kọjú sáwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Irú asẹ́ wo nìyí?"

"Èyí tó ń jò, mà!" ni gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ojú-ju-ẹ̀rọ ń fi kóòtù bo igo náà. Nọ́ọ̀sì ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹrin.

"Ẹ bọ́ kóòtù yẹn, sà, kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀, dókítà ń bọ̀ wá wò yín."