Ẹ̀rọ Tí Ń Sàba Lórí Òkè Ọ̀kà

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ ayé mi, ọjọ́ kan wà tí kò ní lè ṣí kúrò lọ́kàn mi: ọjọ́ tí èmi, ọkùnrin tí ewú ti gba orí rẹ̀ kan, dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́sàn-án gangan, tí mo ń sàba lé ẹyin bí àgbébọ̀ adìyẹ, tí àlejò sì ká mi mọ́ ọn. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìdí rẹ̀, nítorí bí ọ̀ràn náà tilẹ̀ kọ́kọ́ sọ mí di ẹni ẹ̀sín, èmi ni mo borí níkẹyìn, mo sì fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ètìòrò nítorí pé ìlú Ètìòrò ni ó ń gbé, ni ó ni ìdí ọ̀rọ̀. Adìyẹ òpìpì ni ìyá wọn fi sílẹ̀ fún un kí ó tó dágbére fáyé, àwọn adìyẹ tí ìyẹ́ kò kún apá wọn, tí wọn kò lè fò ju orí odó lọ. Irú wọn kò wọ́pọ̀ mọ́ ní agbègbè wa. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àrùn wọ inú adìyẹ, ó sì gbá ọgbà ìyá náà mọ́ féfé: àkùkọ kú, àgbébọ̀ kú, òròmọdìyẹ kú. Ohun tó ṣẹ́kù kò ju ìwọ̀nba ẹyin tí ó ti ṣà sínú igbá kí àrùn náà tó dé. Ó tẹ́ èèpo ìrẹsì sábẹ́ wọn, ó gbé igbá lé itan nínú ọkọ̀, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi dé ilé wa ní Ọ̀kà.

“Bàbá Ọlá,” ó wí, “mo gbọ́ pé ẹ ní ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin. Ìran adìyẹ ìyá wa rèé. Bí ìwọ̀nyí bá bàjẹ́, ó parí nìyẹn. Kò síbi tí mo tún ti máa rí wọn.”

“Ìyá, ẹ lọ fọkàn balẹ̀,” ni mo dá a lóhùn, tí mo gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀. “Nínú ilé tèmi, ẹyin ló ń wọlé, adìyẹ ló ń jáde.”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Àpótí pákó ni, ilẹ̀kùn kékeré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fi igi ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ fún káfíńtà. Gílóòbù ni ó ń mú inú rẹ̀ gbóná, sólà ni ó sì ń fún gílóòbù ní agbára, nítorí ẹni tó bá fi ẹyin sí ìkáwọ́ iná ìjọba, òórùn ni yóò pa dípò òròmọdìyẹ. Ohun tó jẹ́ ọ̀gá nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí àwọn oníná ń pè ní tẹ́mósítáàtì. Òun ni ó ń ṣọ́ ooru. Ó ní wáyà gígùn kan tí irin tín-ín-rín wà lórí rẹ̀, èmi a máa pe irin náà ní imú rẹ̀, nítorí òun ni ó fi ń mọ̀ bóyá ibẹ̀ gbóná tàbí ó tutù. Bí ooru bá tó, á pa gílóòbù. Bí ooru bá fà sẹ́yìn, á tan án. Mo to ẹyin sínú àpótí náà ní igun pálọ̀, mo tan án, mo sì ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

Kò pẹ́ tí mo ti ìpàdé àwọn àgbà àdúgbò dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, mo yọjú wo inú àpótí: òkùnkùn biribiri. Gílóòbù ti kú, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà lójú tẹ́mósítáàtì ń sọ pé ooru ti pọ̀ jù. Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ẹyin tutù bí òkúta odò! Mo ní kí ìyàwó mi gbé oúnjẹ mi wá, kí n lè fi agbára ronú. Kí n tó fọwọ́ tán, gílóòbù ti tàn wáí, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Lọ́jọ́ kejì, ó tún kú. Lọ́jọ́ kẹta bákan náà.

Sólà ni mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn, nítorí eruku ọyẹ́ ti bò ó. Mo gbé àkàbà, mo gun òrùlé, mo nù ún títí ó fi ń dán bí dígí. Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi ta àkàbà, ó sì sùn sílẹ̀ gbalaja. Ìyàwó mi ti lọ sọ́jà. Ẹ sì mọ̀ pé ní ìlú wa, a kì í rí ènìyàn ká má kí i. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ní ń gbójú sókè.

“Bàbá, ẹ kú òkè o!”

“Ẹ kú atẹ́gùn o, sà!”

Èmi náà ń dáhùn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, bí ẹni pé mo dìídì lọ gba atẹ́gùn ni. Ojú kò jẹ́ kí n sọ pé kí wọ́n bá mi gbé àkàbà dìde. Ibẹ̀ ni mo wà tí ìyàwó mi fi dé.

“Bàbá Ọlá, kí lẹ ń wá lókè?”

“Mo ń wo ọ̀nà tí wàá gbà dé.”

“Ẹ ṣeun, mo ti dé. Ṣé kí n gbé àkàbà fún yín, àbí ẹ ṣì ń wo ọ̀nà?”

Nígbà tí sólà mọ́ tán tí ọ̀ràn kò yí padà, mo yíjú sí tẹ́mósítáàtì. Mo fi ọ̀bẹ tú u. Mo mọ ìwé díẹ̀ nípa iná, ṣùgbọ́n ìwé kò rán mi létí pé kí n pa iná ná. Iná gbé mi! Ó jù mí sẹ́yìn, fìlà mi fò lọ sábẹ́ àga, eyín mi ń lu ara wọn gbá-gbá-gbá. Tẹ́mósítáàtì náà rú èéfín, ó sì dákẹ́ pátápátá. Bí ó bá jẹ́ pé kò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, èmi ti bà á jẹ́ báyìí.

Ni mo bá pe Àlùhájì lórí fóònù, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, tí ó ń ta ẹrù iná ní Ìkàrẹ́, tí ó sì máa ń pè mí ní Tíṣà.

“Tíṣà, kí lo tún fọ́?”

“N kò fọ́ nǹkan kan. Ọjà tí o tà fún mi ló kú.”

“Ọjà mi kì í kú. Ènìyàn ní í pa á. Dúró níbẹ̀, mò ń gbé òmíràn bọ̀ fúnra mi.”

Ṣùgbọ́n ẹyin kò lè dúró de ọkọ̀ Ìkàrẹ́. Ọyẹ́ orí òkè Ọ̀kà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ohun tí a fẹ́ kó gbóná. Ìyàwó mi wo àpótí, ó wò mí.

“Ara gbígbóná ni ẹyin mọ̀,” ó wí. “Èmi ní iyán láti gún. Ẹ̀yin lara yín sì máa ń tètè gbóná jù nínú ilé yìí.”

Báyìí ni mo ṣe dùbúlẹ̀. Ó bu omi gbígbóná sínú ike, ó fi aṣọ wé e, ó to ẹyin yí ikùn mi ká, ó sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò mí mọ́lẹ̀. “Ẹ má yíra o! Bí ẹ bá yíra pẹ́rẹ́, ẹ ti sọ ogún ìyá mi di ẹyin díndín.” Mo wà níbẹ̀, n kò lè wúkọ́, n kò lè họ ara, títí mo fi gbọ́ “Àsàlámù àlékùn!” ní ẹnu ọ̀nà. Àlùhájì kò dúró ní pálọ̀. Inú yàrá ni ó wọ̀ tààrà.

“Tíṣà, ara rẹ kò yá ni?”

“Ara mi le koko.”

“Kí ló wá dé tí o kò lè dìde kí mi?”

Bí mo ti fẹ́ nawọ́ sí i, ẹyin kan yí jáde lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó dúró síwájú rẹ̀. Ó wo ẹyin náà, ó wo ojú mi.

“Súbúhánálláhì! Tíṣà, ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í yé?”

“N kò yé e! Mo ń sàba lé e ni.”

“Kò burú. Ṣùgbọ́n bí mo bá sún mọ́ ọ, jọ̀wọ́, má ṣá mi jẹ o.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín jẹ́ kó gbádùn, ó so tẹ́mósítáàtì tuntun mọ́ àpótí, a dá ẹyin padà, gílóòbù sì tàn. Ó ń fọ́nnu pé ọjà òun kò ní ẹlẹ́gbẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ Àkókó. Ìyàwó mi gbé iyán wọlé, ṣùgbọ́n àkókò ìrun àsárì ti tó, Àlùhájì ní kí òun kírun ná. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó lọ bu omi. Èmi jókòó, mo ń wo nọ́ńbà.

Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó ń lọ, ó ń lọ. Gílóòbù sì kú fìn-ín!

Mo fò dìde. Ọ̀rẹ́ mi wà lórí ìrun, kò lè dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n bí ó ti sálámà tán ni mo kò ó lójú. “O tún ti ta ọjà burúkú fún mi! Ó ní inú àpótí gbóná, bẹ́ẹ̀ inú àpótí tutù!”

“Èmi? Tíṣà, ọjà tuntun nìyí! Àpótí rẹ ló ń purọ́.”

“Àpótí tí mo fọwọ́ ara mi ya àwòrán rẹ̀?”

“Ṣebí òun náà ni mo ń wí!”

Díẹ̀ ló kù kí ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe dàrú lọ́jọ́ náà. Ìyàwó mi ló bọ́ sáàárín. “Ẹ̀yin àgbà méjèèjì, ẹ jẹun ná. Iyán tó bá tutù, òkúta ni.” Ó gbé abọ́ iyán náà, ó ń gbé e bọ̀ wá sórí tábìlì. Ojú mi ṣì wà lára nọ́ńbà. Mo rí i tí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ń sọ̀, ó ń sọ̀, gílóòbù sì tàn wáí.

“Dúró!” ni mo kígbe. “Má ṣe rìn! Gbé iyán yẹn padà síbi tí o ti gbé e.”

“Bàbá Ọlá, àlejò ń—”

“Mo ní gbé e padà!”

Orí ìdérí àpótí ni ó gbé e sí. A dúró tì í. Nọ́ńbà gòkè, gílóòbù kú. “Gbé e kúrò.” Nọ́ńbà sọ̀ kalẹ̀, gílóòbù tàn. Abẹ́ ìdérí yẹn gan-an, lọ́gangan ibi tí abọ́ ń jókòó sí, ni mo ti ní kí káfíńtà lẹ imú tẹ́mósítáàtì mọ́!

Nínú ilé wa, a kì í gbé iyán baálé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ewúrẹ́ àti eèrà. A ó fi aṣọ wé e, a ó gbé e síbi tó ga, ẹnikẹ́ni kò sì ní fọwọ́ kàn án títí yóò fi dé. Ìyàwó mi rí i pé orí àpótí ga, ó tún lọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì sọ ibẹ̀ di ìjókòó iyán mi. Tẹ́mósítáàtì gbọ́ ooru iyán, ó rò pé ooru ẹyin ni, ó pa iná. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń gùn sí i ní ìpàdé, bẹ́ẹ̀ ni ẹyin ń tutù sí i nílé. Gbogbo bí mo ti ń wá ọ̀daràn káàkiri òrùlé yẹn, ọbẹ̀ ni mo fi ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́.

Àlùhájì bọ̀ mí lọ́wọ́. “Tíṣà, mo túbá. Orí rẹ ṣì pé.” Mo rìn yí pálọ̀ ká bí ọba tó ṣẹ́gun. Ìyàwó mi ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti mú olè. Ó ku kí ẹ jẹ ẹ́.”

Síbẹ̀, ẹ̀rù kò tíì tán lára mi. Ta ni mọ̀ bóyá òtútù ti pa ohun tó wà nínú ẹyin? Nígbà tí àkókò pípa tó, Ìyá Ètìòrò dé. Ó fi etí lé ara àpótí. Ó pẹ́, n kò lè wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ sókè pé kí a dákẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. “Ẹ gbọ́,” ó wí. A gbọ́ ọ: píì, píì, píì. Kì í ṣe gbogbo ẹyin ló pa, ṣùgbọ́n èyí tó pa pọ̀ ju èyí tó bàjẹ́ lọ. Nígbà tí ìyẹ́ sì hù lára wọn, òpìpì pọ́ńbélé ni wọ́n, akọ àti abo. Ìyá Ètìòrò gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní, “Ìyá wa, wọ́n ti padà dé o.” Ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi, mo yára dì í mú, kí àgbà má kúnlẹ̀ fún àbúrò.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò le: kí a tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi, ká kọ́kọ́ wo ohun tí a gbé lé e lórí, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé àwa la ni ín. Ìyàwó mi náà ti ṣòfin: kò sí ìjókòó fún iyán mọ́, ẹni tí kò bá tètè dé yóò bá òkúta lórí tábìlì. Nítorí náà, mo ti ń tètè dìde ní ìpàdé. Àwọn àgbà àdúgbò ń yìn mí pé ọgbọ́n ti wá kún orí mi, pé n kì í fa ọ̀rọ̀ gùn mọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Bí mo bá délé tí mo bu òkèlè gbígbóná, èmi nìkan a wá máa rẹ́rìn-ín, títí iyán a fi fẹ́ há mi lọ́fun.