Orí tó Dí Ẹnu Ọ̀nà Alága

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀"? Ẹ ká ẹsẹ̀ kò, kí ẹ gbọ́ ohun tó fà á.

Nígbà tí ìlú Òkè-Àrìrà fẹ́ ṣe àjọ̀dún igba ọdún tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó, Bàbá Ọláìfá ni alága Ẹgbẹ́ Onítàn Ìlú. Ó ti fọ́nnu níwájú ọba pé òun yóò wá nǹkan kan tí Jagunlabí, ẹni tó tẹ ìlú dó, fi sílẹ̀. Ó tú gbogbo ààtàn. Ìkòkò fífọ́ ló rí, àti bàtà ẹnì kan tó ṣì wà láàyè. Àjọ̀dún sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó kọsẹ̀ lára òkúta tí wọ́n ń tẹ̀ wọ ilé rẹ̀, ló bá ṣubú yakata. Bó ti dojú bolẹ̀, ó rí ihò méjì bí ojú, ó tún rí ibi tó sán bí ẹnu.

"Orí Jagunlabí rèé o!"

"Bàbá Mopé," ìyàwó rẹ̀ pariwo láti inú ilé, "òkúta tí ẹ ń nu ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ sí ni ẹ ń pè lórí?"

"Orí ni!"

Kíá, gbogbo ìlú dé, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alága fúnra rẹ̀ ló ṣòfin: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e kúrò níbi tó wà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fò ó, torí a kì í fo orí àgbà. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìgbà tí ebi dé ni Bàbá rántí pé ilé òun ò ní ilẹ̀kùn mìíràn.

Bí fèrèsé ṣe di ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Ìyàwó ń fa ọkọ wọlé, ọkọ ń fa ìyàwó jáde. Ewúrẹ́ wọn tó fo orí náà kọjá, ààfin ni wọ́n wọ́ ọ lọ kó lọ tọrọ àforíjì.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, Bàbá gbé agbádá ńlá wọ̀, ó jẹ iyán yó, ó sì kọrí sí fèrèsé. Ó há. Orí wà níta, ìdí wà nínú ilé, ọba àti gbogbo àlejò sì ti dé iwájú rẹ̀.

"Alága," ọba ní, "kí ló dé tí o ò gba ẹnu ọ̀nà?"

Bí Bàbá bá pe orí náà lókúta, ẹ̀tẹ́ dé. Ó wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ìlú láti ojú fèrèsé.

Ọba ní kí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà wọlé lọ fà á yọ. Ni ìyàwó bá kígbe látẹ̀yìn ọkọ rẹ̀:

"Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó há síbẹ̀! Òun ló pè é lórí. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀!"