Ìwé Tí Tíṣà Ardis Gbọ́

Àwa ẹgbẹ́ ìkàwé ní ìlú Duluth, ní Amẹ́ríkà, fẹ́ràn ìwé o. Kéèkì la kàn fẹ́ràn jù ú lọ díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a fẹ́ yan alága tuntun, Ardis, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tètè dé kó lè fi ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ dánra wò. Ipò alága yẹn ń wù ú dọ́kàn. LaVonne, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́, ló bá níbẹ̀, tó ń gé kéèkì ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"LaVonne, gbọ́ mi. Ìwé yìí, ẹbí ló dá lé."

"Ebi? Tíṣà, ẹ jẹ́ n gé tiyín kó tóbi."

"Ẹbí ni mo wí! Bàbá, ìyá, ọmọ!"

"Ẹ̀bi ìyá ni jàre. Ó bu májèlé sọ́bẹ̀ ọkọ ẹ̀, ó tún ń bi í bóyá iyọ̀ tó."

Ardis mí kanlẹ̀. "Bó o ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì náà nìyí. Wo ibi tí ọgbọ́n wà: wọ́n kọ́kọ́ sin bàbá yẹn. Lẹ́yìn náà ló gbéyàwó. Májèlé wá pa á. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bí i."

LaVonne gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Lẹ́yìn tó kú?"

"Ìjìnlẹ̀ nìyẹn! Ikú kì í ṣe òpin."

"Nínú tèmi, wọ́n bí i, ó gbéyàwó, májèlé pa á, wọ́n sin ín."

"Ìwé kan náà kọ́ ni?"

"Òun mà ni. Tiyín dà?"

Ardis fa fóònù yọ. "Ojú mi ò gbé ìwé ńlá bẹ́ẹ̀ mọ́. Fóònù yìí ló ń kà á sí mi létí."

LaVonne tẹjú mọ́ ọn. "Yéè! Tíṣà, ẹ ti tẹ ibi tí wọ́n fi ń da bí orin ṣe tò rú. Orí ìkẹyìn ló kọ́kọ́ kà fún yín!"

"Mo gbé! Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ lánàá, pé ẹni tí kò bá rí ọgbọ́n yẹn, kò kàwé!"

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

"Wọ́n ní àwọn rí i. Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ló wọ àwọn lákínyẹmí ara."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn pátá."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹsẹ̀ ti ń dún níta.

"Ẹ ti di alága nìyẹn, Tíṣà. Ẹ má wulẹ̀ yí ọ̀rọ̀ yín padà. Ẹ ṣáà yá mi ní fóònù yẹn."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kí wọ́n má bàa ní mi ò kàwé. Nínú tèmi, bàbá yẹn kú, kò jí."