Ọnọrébù Tó Ń Wá Ẹni Tó Máa Lù Ú

Àwa tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Ọnọrébù wa kì í pè é ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ-Ya-Mí-Dáadáa là ń pè é, ẹ̀yìn rẹ̀ ni o, torí iṣẹ́ ṣì wù wá í ṣe. Èmi ni mo máa ń ya fọ́tò rẹ̀, nítorí náà ẹ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́: mo ti wo ọkùnrin náà níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì, mi ò sì tíì rí ìhà kan lára rẹ̀ tí kò wu òun fúnra rẹ̀.

Ọkọ Kámẹ́rà! Àrẹ̀mọ Dígí! Ọkùnrin tó ń wo ojú ara rẹ̀ nínú ṣíbí kó tó fi bu ọbẹ̀! Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri, ó wà lára aago, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn àlejò. Tó bá lọ bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn, á rọra yíjú sí mi, á ní, "Ṣé omijé yẹn hàn, àbí kí n tún sunkún díẹ̀ sí i?"

Lọ́jọ́ kan ni géèmù kan jáde lórí fóònù, Lé Wọn Jáde lorúkọ ẹ̀. Àwọn olùdìbò ló ń lé olóṣèlú káàkiri ìgboro. Bó bá wù ọ́, o lè gba apá olùdìbò. Bó bá wù ọ́, o lè gba apá olóṣèlú tó ń sá lọ. Bàtà ni àwọn olùdìbò máa fi lù ú ni o, àga ni o, ọ̀pá ni o, ìyẹn kù sọ́wọ́ wọn. Tí ìyà náà bá dùn ún dáadáa, eyín á máa fò jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, olóṣèlú náà á sì ré lulẹ̀ sínú gọ́tà.

Ni ariwo bá sọ. Àwọn kan lórí redíò ní nǹkan yìí ń kọ́ àwọn èèyàn láti ṣe aṣáájú léṣe. Àwọn kan ní kí àwọn aṣáájú kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí tó fi ń dùn mọ́ aráàlú tó bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí ń gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n ń bínú, wọ́n á sì jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, wọ́n á bá ọmọ gbá a tán.

Ẹ-Ya-Mí-Dáadáa pè mí wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Àwọn wo ló wà nínú ẹ̀?"

"Gbogbo wọn ni, sà. Abẹnugan wà níbẹ̀. Olórí àwọn alátakò wà níbẹ̀. Kódà, awakọ̀ Abẹnugan wà níbẹ̀."

"Èmi ńkọ́?"

Mo wo bàtà mi. "Ẹ ò sí níbẹ̀, sà."

Ojú rẹ̀ fà ro. "Wọ́n ń lu awakọ̀, wọn ò lu èmi? Kí ni mo fi ṣe wọ́n? Ṣé gbogbo ohun tí mo ti ṣe fún àwọn èèyàn yìí ò tó kí wọ́n fi àga fọ́ mi lórí ni?"

"Ó tó dáadáa, sà," ni mo wí. Mi ò sì parọ́.

Ìgbà tó wá gbọ́ ẹni tó ṣe géèmù náà, ńṣe ló fò dìde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà, tó ń ránṣọ fún gbogbo àdúgbò kí àbúrò lè kàwé. Ọmọbìnrin náà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, kọ̀ǹpútà wọn jókòó sáàárín àjákù aṣọ àti òwú. Ibẹ̀ ni oúnjẹ wọn ti ń wá. Ìyá náà ò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, ọmọ yìí ló sì ń gbọ́ bùkátà ilé.

A wọlé bá ọmọ náà lọ́jọ́ kejì.

"Ọ́ńkù, ẹ káàbọ̀, sà."

"Kí ni mo ṣe fún ẹ tó o fi yọ mí sílẹ̀?"

Ọmọ náà rò pé àwàdà ni. "Ẹ má bínú, sà. Àwọn tó ń gbá a ló máa ń sọ ẹni tí wọ́n fẹ́ lù. A ò tíì rí ẹni tó dárúkọ yín."

Ẹ gbà mí o! Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ láyà bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

"Fi mí sí i," ló sọ nígbà tí èémí rẹ̀ padà. "Jẹ́ kí n ga. Jẹ́ kí n ga ju Abẹnugan lọ. Yọ ikùn yìí kúrò. Fún mi ní irun."

"Irun, sà?"

"Irun dúdú! Mo tún fẹ́ agbára tí ẹlòmíì ò ní. Tí wọ́n bá lù mí ṣubú, tí mo bá tẹ bọ́tìnnì pupa lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, kí n dìde, kí n lù wọ́n padà. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Èmi àtìwọ nìkan ni."

"Ọ́ńkù, àwọn olùdìbò ni wọ́n ń lé yín o."

"Mo mọ̀ wọ́n," ló fi ẹ̀rín dáhùn.

Ọmọ náà ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni pé wọ́n lè fòfin de géèmù náà, kí wọ́n sì kó kọ̀ǹpútà wọn lọ. Ọ́ńkù gbọ́wọ́ lé e léjìká. "Ìgbìmọ̀ wo ló máa gbọ́ ẹjọ́ náà? Tèmi. Ta ni alága? Èmi. Fọkàn balẹ̀ jàre."

Láti ìgbà náà, tá a bá béèrè ọ̀gá, wọ́n á ní ó wà ní ìpàdé. Ìpàdé wo? Ìpàdé tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́, tí èèyàn ń gbọ́ "Gbà! Gbà!" látinú ẹ̀!

Ó máa tán síbẹ̀ ni, ká ní aṣòfin kan kò bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n láti bu ẹnu àtẹ́ lu géèmù náà. Wọ́n fi ojú aṣòfin yẹn hàn títí, wọ́n pè é ní olùgbèjà ìwà ọmọlúàbí. Ẹ-Ya-Mí-Dáadáa wò ó tán, ìlara mú un, ó ní kí n gbé kámẹ́rà wá. Kí ọjọ́ tó rọ̀, ó ti kéde ìjókòó ìta gbangba: wọ́n á fòfin de géèmù, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, wọ́n á sì kó gbogbo kọ̀ǹpútà ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn wá sí ọ́fíìsì.

"Àbúrò mi, ṣebí o ṣèlérí fọ́mọ yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìṣèlú ni. Gbogbo tẹlifíṣọ̀n ló ń bọ̀."

"Tí wọ́n bá kó nǹkan iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kí la máa jẹ?"

"Ọlọ́run á ṣe é." Ó ń tún táì rẹ̀ ṣe níwájú dígí. "Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ náà, ẹ má pè mí ní àbúrò yín o."

Ìyá náà yíjú padà, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ó dùn mí wọra, kí n má tàn yín.

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngán kún dẹ́nu, ọmọbìnrin náà àti ìyá rẹ̀ sì jókòó lápá kan. Wọ́n ta aṣọ funfun ńlá kan sí ara ògiri láti fi géèmù náà han gbogbo èèyàn. Alága wa ti kun pọ́ńdà, ó ń dán bí àwo tuntun.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe fi kọ́ra láàárọ̀, "wọ́n jí ojú mi lò! N kò mọ obìnrin tó ṣe géèmù yìí rí. N kò mọ ẹbí rẹ̀. Ọwọ́ mi yìí kò sì kan géèmù láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi!"

Ó ní kí akọ̀wé ìgbìmọ̀ gba apá òun nínú géèmù náà, kí ayé lè rí ìyà tó ń jẹ òun. Akọ̀wé wa, èèyàn jẹ́jẹ́, gba páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù náà bí ẹni gba ọmọ ọlọ́mọ. Ọkùnrin kan jáde lára ògiri: ó ga fíofío, ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ, irun dúdú kìjikìji.

"Ta nìyẹn?" ni ẹnì kan béèrè lẹ́yìn.

Ìyá arúgbó kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá lé e nínú géèmù. Akọ̀wé tẹ síbí, ó tẹ sọ́hùn-ún. Gbì! Ọ̀pá bà á lórí. Eyín fò. Gọ́tà!

Ibi tó yẹ kí alága ti sunkún nìyí. Mo ti gbé kámẹ́rà sókè. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń jó lábẹ́ tábìlì.

"Fò," ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Akọ̀wé, fò."

"Sà?"

"Mo ní fò! Ṣé o fẹ́ kí gbogbo ayé bá mi nínú gọ́tà ni? Bọ́tìnnì pupa! Lẹ́ẹ̀mẹta! Gbé e wá!"

Ó já páàdì gbà. Pupa, pupa, pupa! Ọkùnrin gíga náà fò dìde. Ó gbá ìyá arúgbó létí. Ó ta tíṣà kan nípàá. Ó gbé ẹni tó ń ta búrẹ́dì, ó sọ ọ́ sínú gọ́tà.

"Gbà! Ìwọ náà gbà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pariwo pé kí n tún ọ̀nà ṣe! Ta ló bẹ̀ yín kẹ́ ẹ dìbò fún mi?"

Ìgbà tó gbójú sókè, gbogbo gbọ̀ngán ń wò ó. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì jókòó síwájú.

"Ọnọrébù," ni màmá náà wí, "ìyá tẹ́ ẹ gbá létí yẹn jọ mí o."

Igbákejì alága wú ikọ́. "Alága, ṣebí ọwọ́ yín ò kan géèmù rí?"

"Mo... mo gbọ́ nípa bọ́tìnnì yẹn lórí redíò ni."

Ọmọbìnrin náà dìde. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Kò sí lórí redíò, sà. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ẹni tó ní kí n fi í síbẹ̀, tó ní kí n yọ ikùn òun, kí n fún òun nírun, ẹni yẹn nìkan ló mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀rín bú jáde, àwọn oníròyìn ń di tábìlì mú kí wọ́n má baà ṣubú. Igbákejì lu tábìlì títí ariwo fi rọlẹ̀: ẹjọ́ tú ká, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ọmọ náà, kí alága sì jọ̀wọ́ dìde lórí àga. Ó wá bi ọmọbìnrin náà bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ.

"Ẹyọ kan ni, sà. Mo fẹ́ yọ alága kúrò nínú géèmù náà lónìí."

Ẹ wá wo ẹni tó ní kí wọ́n fòfin de géèmù! Ó sáré sọ̀kalẹ̀, páàdì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, pọ́ńdà ń ṣàn pẹ̀lú òógùn.

"Má yọ mí! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, jọ̀ọ́! Jẹ́ kí wọ́n máa lù mí! Gba irun náà padà, àmọ́ má yọ mí!" Ó yíjú sí ìyá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́!"

Ìyá náà mú báàgì rẹ̀, ó sì di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gbẹ́ni," ló wí, bí èèyàn ṣe ń bá ẹni tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀, "ta ni ẹ̀gbọ́n yín níbí?"