Kóòtù Nọ́ńbà Mẹ́tàlélógójì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀rẹ́ mi atúnaagoṣe fún yín. Èèyàn dáadáa ni o. Aago tó bá ti kú láti ọdún mẹ́wàá, á jí i. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: kò sí ohun tí ẹ máa sọ fún un tí kò ní ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ní ilé rẹ̀ ń jó, á ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́." Ìdí nìyẹn tá a fi sọ ọ́ ní Mo-Ti-Mọ̀-Ọ́n.

Nínú gbogbo ohun tó mọ̀, ọ́pẹ́rà ló fi ń yọ wá lẹ́nu jù. Eré orí ìtàgé ni, tí wọ́n máa ń fi orin sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ bu omi mu pàápàá á kọ́kọ́ kọrin nípa ife. Ọdún méje ni ọ̀rẹ́ mi fi ń lọ wò ó.

"Méje ni mo fẹ́ràn jù," ni yóò wí, á na ìka méje sókè bí ẹni pé òun ló bí wọn. "Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ́pẹ́rà ni pé gbogbo wọn ló ń parí sí ayọ̀!"

Àwa tá ò lọ rí, kí la fẹ́ sọ?

Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ aránṣọ ló wá dá a lẹ́jọ́. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin yìí, ọmọbìnrin náà sì ti fẹ́ gbà, ó ku bàbá rẹ̀.

"Lọ́sàn-án Sọ́ńdè," ni aránṣọ wí, "a máa ń jókòó nílé wa, kálukú á sọ ìtàn ọ́pẹ́rà tó fẹ́ràn jù, a ó sì gbọ́ àwo orin rẹ̀. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nílé eré. Bí o bá sọ tìẹ dáadáa, ọ̀rọ̀ wa bùṣe."

"Bàbá ẹ ló máa wá kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi!" ni ọ̀rẹ́ mi fèsì.

Ó dé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú kóòtù búráùn rẹ̀ tí bọ́tìnnì kan jẹ́ àwọ̀ ewé. Bàbá gba kóòtù náà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wo bọ́tìnnì, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n tún wo bọ́tìnnì. Ọ̀rẹ́ mi rò pé kóòtù ló wù wọ́n.

Ìyá ló kọ́kọ́ sọ tiwọn, ọ́pẹ́rà atukọ̀ kan àti ọmọbìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì.

"Èyí wà nínú méje mi!" Mo-Ti-Mọ̀-Ọ́n fò lórí àga.

Ìyá ń sọ ọ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, omi ti ń lé sí wọn lójú. "Ni ikọ́ bá kọ lu ọmọbìnrin yìí, ó sì kú sọ́wọ́ atukọ̀."

"Rárá o, mà! Ẹ má bínú, irọ́ nìyẹn. Kò kú! Wọ́n fẹ́ra wọn ni. Wọ́n jó, kọ́tìnì wálẹ̀, iná tàn, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo wò ó, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà láàyè! Èmi ni mo kọ́kọ́ máa ń jáde, kí èrò má baà dí mi lọ́nà."

Ìyá nu ojú, wọ́n wo ọkọ wọn.

"Ọmọ mi," ni bàbá wí jẹ́jẹ́, "ṣé o mọ iṣẹ́ tí mo ṣe nílé eré?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, sà. Ẹ̀yin ni ọ̀gá wọn."

"Yàrá tí àwọn òǹwòran ń fi kóòtù wọn sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni mo wà fún ọgbọ̀n ọdún. Ojú èèyàn kì í dúró sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n n kì í gbàgbé kóòtù. Orí ìkọ́ nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì ni mo máa ń fi tìẹ kọ́ sí. Ìwọ lo máa ń gba kóòtù nígbà ìsinmi!"

"Ìsinmi wo, sà?"

"Ìsinmi àárín eré! Tí àwọn èèyàn máa ń lọ tọ̀, tí wọ́n ń mu nǹkan tútù, tí wọ́n á tún padà wọlé wá wo ìdajì tó kù!"

Ọ̀rẹ́ mi máa ń rí wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Ó tiẹ̀ máa ń sọ fún wa pé àwọn èèyàn ìlú yìí lọ́ra, wọn ò mọ ọ̀nà ilé. Ẹ gbà mí o! Ẹni tó ń fi aago jẹun!

"O dà wá láàmú gan-an," ni bàbá ń bá a lọ. "Àgbà olórin wa yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó rí àga rẹ lófìfo, ó bú sẹ́kún. Ó ní kí lòun fi ṣẹ ọkùnrin yìí? Èmi ni mo bá ọ parọ́. Mo ní dókítà ni ọ́, àwọn aláìsàn ló ń dúró dè ọ́."

Aránṣọ fi ìrọ̀rí bo ojú. Ọ̀rẹ́ mi rọra na ìka méje rẹ̀ sókè, ó ká ti ọmọ oníbúrẹ́dì mọ́lẹ̀.

"Sójà tó gba ìwé ìfẹ́ ńkọ́, sà?"

"Wọ́n yìnbọn fún un."

"Ọba tó dárí ji àbúrò rẹ̀?"

"Àbúrò náà fún un ní májèlé."

"Àwọn ìbejì tó ríra?"

"Wọ́n rì sómi."

"Àwọn méjèèjì?"

"Àti ọlọ́kọ̀."

Ìka ń wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ku ẹyọ kan, ó fi ọwọ́ kejì dì í mú. "Ajá olùṣọ́-àgùntàn ńkọ́, sà?"

"Ajá yè é."

"Ẹ ṣeun, sà!"

"Olùṣọ́-àgùntàn ló kú."

Ọ̀rẹ́ mi sunkún. Òkú ọdún méje ló ṣọ̀fọ̀ wọn pa pọ̀.

Wọ́n pa àwo orin, ìyá kó ife, wọ́n ní ó dàbọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ò mira.

"Mo gbọ́, mà," ni ó wí, "ṣùgbọ́n mi ò lọ. Ẹ ò ní tún fi ìdajì rán mi lọ sílé."

Ìyá mú ìgbálẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kí wọ́n lè gbá abẹ́ àga.

Aránṣọ wá gbé ìrọ̀rí sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, máa lọ. Mo lè fẹ́ ẹni tí kò mọ ọ́pẹ́rà. Ṣùgbọ́n ẹni tó pe ìyá mi ní òpùrọ́ lórí ohun tí kò dúró wò tán, mi ò lè fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ èmi àtìẹ ti tán."

Ojú ọ̀rẹ́ mi mọ́lẹ̀ díẹ̀. "Ṣé ó tán pátápátá ni," ni ó béèrè, "àbí ìsinmi ni?"

Bàbá ti dìde, wọ́n ti mú kóòtù wá. Láti ọdún méje, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì gba kóòtù rẹ̀ lẹ́yìn tí eré ti parí lóòótọ́.