Òkúta Inúmidùn Lórí Iná Plásímà

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Inúmidùn fi ń po ìyẹ̀fun irin oríṣi márùn-ún pọ̀ ní láàbù wa ní Douala. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn. A ó wá fi plásímà, iná tó ń bù yẹ̀rì bíi mànàmáná, yọ́ wọn di amọ̀ ìgbàlódé kan tí kò gbọdọ̀ sán.

Ó ń sán.

Ó tẹ ìyẹ̀fun náà di òkúta márùn-ún, mẹ́rin ti sán lórí iná. Ẹyọ kan ló kù, dúdú minijọ, kò ju owó ẹyọ lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn àlejò láti Faransé ń bọ̀ wá wò ó. Bí èyí náà bá sán, kí Inúmidùn máa di ẹrù rẹ̀ ni.

Ẹ̀rù bà á kí wọ́n má lọ jí i, ló bá gbé e relé. Ilé Màmá Àìṣà ní Douala níbẹ̀ náà, ìyá ìyá rẹ̀, ọmọ amọ̀kòkò láti Ìlọrin.

Láàárọ̀ Jímọ̀, Màmá ní, "Kí lo ní ó ń ṣe?"

"Ó ń sán lórí iná, Màmá."

"Ẹ ti fi epo pa á?"

"Màmá, kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀."

"Amọ̀ kọ́ ni?"

"Amọ̀ ni, ṣùgbọ́n..."

"Ó dáa. Lọ wẹ̀."

Ó wẹ̀ tán, ó já àpò kékeré rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Màmá, ó fò sórí ọ̀kadà, ó di láàbù. A kì í fọwọ́ kan òkúta yẹn, torí náà ó kàn dojú àpò dé ẹnu ẹ̀rọ plásímà ni. Èmi Kàbírù sì tẹ bọ́tìnnì.

Fùùùùù!

Iná funfun báláú. Gbogbo wa dijú. Kò pẹ́, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Òórùn ọbẹ̀.

Madame Monique, ọ̀gá wa, gbé imú sókè. "C'est quoi, cette odeur?" Ó ń bèèrè pé òórùn kí nìyẹn.

Àlejò kan gbé itọ́ mì.

A ṣí ẹ̀rọ. Òkúta jókòó pẹ̀sẹ̀. Kò sán, kò là, àfi bíi pé oòrùn ló ń yá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí, Madame gbá Inúmidùn mọ́ra, omijé ayọ̀ ń dà lójú ọmọ ọlọ́mọ.

Fóònù rẹ̀ dún. Màmá ni. Ó tẹ sípíkà, èmi nìkan ṣáà ni mo tún gbọ́ Yorùbá níbẹ̀.

"Inúmidùn, má bínú. Òkúta rẹ tí mo fi sínú epo ti sán lẹ́yìn tó o lọ."

"Èwo wá lẹ fi sínú àpò mi?"

"O ń kánjú láàárọ̀, tìrẹ kò sì tíì mu epo tó nígbà yẹn. Mo bá fi àpáàdì ìkòkò ọbẹ̀ mi sí i, kí àpò má baà ṣófo."

Ẹ̀rín ń pa mí, mo ki apá kóòtù bọ ẹnu. Madame Monique ti ń kọ orúkọ irin márààrún sí pátákó fún àwọn àlejò.

"Màmá, kò sán o."

"Ṣé àpáàdì kọ́ ló ń kojú iná? Ó ṣì kù nílé. Mélòó ni wọ́n fẹ́?"