Fìlà Mi, Akoto Mi, àti Ọwọ́ Màmá Ẹbùn

Ọ̀bẹ tí ìyàwó mi fi ń la ẹja ni mo fi gbẹ́ inú akoto alùpùpù mi, kí fìlà mi lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn ní Warri. Mo ti kọ̀wé nípa ìjàǹbá ojú pópó títí ó fi sú olóòtú mi. Síbẹ̀, èmi yìí náà ni mo jókòó sórí àpótí nílé wa ní Ekurede-Urhobo, tí mò ń gbẹ́ akoto bí ẹni ń gbẹ́ igbá. Mo lè gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó mi, kí ìyàwó mi má gbọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí akoto yẹn gbẹ̀san lára mi, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ máa darúgbó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fìlà ná. Àwa tí à ń sọ Yorùbá kò pọ̀ níbí. Pijin la fi ń rà, òun la fi ń tà, òun náà làwọn ọmọ wa fi ń dá wa lóhùn bí a bá fi Yorùbá pè wọ́n. Fìlà ló kù tí mo fi ń sọ fún ayé pé mo ti ibì kan wá. Àwọn awakọ̀ àjàgbé lẹ́nu ọ̀nà èbúté kì í pe orúkọ mi. "Baba Fila" ni wọ́n ń pè mí, bí wọ́n bá sì ti rí fìlà náà lókèèrè ni wọ́n ti ń kó ìròyìn bọ̀. Bí mo bá ká a sínú àpò kí n tó dé akoto, á rún wómúwómú. Bí mo bá sì dé akoto lé e, kò wọlé. Fóòmù funfun líle tó wà nínú akoto ló ń dí i lọ́nà. Mo wo fóòmù náà, mo ní kí lèyí wà fún gan-an? Mo rò pé ìtìmùtìmù lásán ni. Mo gbé ọ̀bẹ.

Ìyàwó mi wọlé, ó bá hóró fóòmù funfun káàkiri ilẹ̀. "Bàbá Tóbi, ṣé adìẹ lẹ̀ ń tu ìyẹ́ rẹ̀ ni?"

Mo ní akoto ni mò ń tún ṣe.

Ó gbé e, ó wo inú rẹ̀. "Èyí tí ẹ tún ṣe yìí, ó ti di ike ìbumi." Ó padà sídìí iná.

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Mo fi ọ̀dà funfun kọ PRESS gàdàgbà sára akoto náà, mo dé fìlà, mo dé akoto lé fìlà, mo dúró níwájú dígí. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo yin ara mi.

Nǹkan bí oṣù méjì ni mo fi gùn ún káàkiri bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, Màmá Ẹbùn fẹ́ lọ sí Ovwian lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àgbà obìnrin Ìlàjẹ ni Màmá, ẹja yíyan ló ń tà, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Èmi náà ní ẹnì kan tí mo fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní Ovwian, ni mo bá ní kó gun ẹ̀yìn mi. Kì í ṣe ọ̀kadà akérò o. Ìyẹn ti di èèwọ̀ láàárín ìlú wa. Máṣíìnì tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni, mo sì ti bá iléeṣẹ́ adójútòfò kan ṣe ìwé lé e lórí, pé bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á tọ́jú máṣíìnì, wọ́n á tọ́jú èmi àti ẹni tí mo bá gbé.

Màmá ní akoto tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló rà á fún un. Ó dé e, ó fa okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n gírígírí.

"Màmá, ẹ ò ní lè mí o."

"Ọmọ mi, àṣíborí ìgbàlà nìyí. Ẹni tó bá dé e ló máa mí pẹ́."

Okùn tèmi ń fì dirodiro. Bí mo bá dè é, kì í jẹ́ kí n ráyè sọ̀rọ̀, akọ̀ròyìn kì í sì í dákẹ́.

A sọdá afárá, a ń bọ́ sí Udu. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, kòtò ojú ọ̀nà kún fún omi. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan tó wà níwájú wa rí èrò, ó dúró gbàgà láìwẹ̀yìn. Mo tẹ bíréèkì. Máṣíìnì fẹ́ dúró, akoto kò dúró ní tirẹ̀. Ó yọ̀ síwájú lórí fìlà, ó bo ojú mi dé imú. Òkùnkùn ṣú bò mí lọ́sàn-án gangan.

Mo gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn mi: "Akọ̀ròyìn, ibo là ń lọ?"

Ìbéèrè gidi ni. Èmi náà kò mọ̀.

Inú òkìtì yanrìn ọkùnrin kan tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá ọ̀nà la lọ. Máṣíìnì ta mí sápá ọ̀tún, ó ta Màmá sápá òsì. Akoto fò lọ, fìlà wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ń yí gbirigbiri lọ sójú títì. Obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì fi igbe ta: "Head don comot o! Him head dey roll!" Ọkùnrin méjì sá lọ. Ẹnì kẹta sá tẹ̀ lé orí. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé orí mi ṣì wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí, ṣùgbọ́n yanrìn kún ẹnu mi.

Búlọ́ọ̀kù tutù kan ni mo fi iwájú orí sọ. Abẹ́rẹ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ran án. Orí Màmá kò ní ìfarapa kankan, akoto rẹ̀ nìkan ló là. Ṣùgbọ́n ó ti fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ara rẹ̀ nígbà tó ń ṣubú, egungun ọrùn ọwọ́ náà sì dá sí méjì. Ọwọ́ yẹn ló fi ń yí ẹja lórí iná láti ọmọge. Dókítà ní àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kí wọ́n fi irin gbé egungun náà dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, á jinná ní wíwọ́. Ilé ìwòsàn ń retí ìwé láti ọ̀dọ̀ adójútòfò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n pè mí láti iléeṣẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ wọn kan, Tega, máa wá sílé wa lọ́jọ́ Ajé. Kí n gbé ìwé máṣíìnì sílẹ̀, kí n gbé ìwé ìwakọ̀ sílẹ̀, kí n sì gbé akoto tí mo dé lọ́jọ́ náà sílẹ̀.

Akoto kẹ̀! Èmi tí n kò bèèrè rẹ̀ mọ́. Mo wá ìwé àdéhùn wa rí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì kà á fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, èmi tí mo ń bú àwọn èèyàn nínú ìwé ìròyìn pé wọn kì í kàwé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ó wà níbẹ̀ kedere: akoto ẹni tó ń wakọ̀ gbọ́dọ̀ pé, kò gbọdọ̀ bàjẹ́, wọn kò gbọdọ̀ gé ohunkóhun kúrò lára rẹ̀. Gbogbo abẹ́rẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà níwájú orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láti ìgbà náà, n kò lè jókòó. Bí mo bá jókòó, màá dìde. Mo lọ sí ẹnu géètì, mo padà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n Délé, aládùúgbò wa, ará Èkó tí iléeṣẹ́ epo gbé wá síbí. Ó ra máṣíìnì ńlá kan tí kì í gùn, ó sì ní akoto tó bá a mu.

"Àbúrò," ó ní, "akoto yìí kò tíì rí oòrùn rí o. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní mo kàn fẹ́ yá a ni.

Mo gbé e délé, mo rí i pé ó ń dán ju akoto tó jáde nínú ìjàǹbá lọ. Mo fi yanrìn ha á, kò ha. Mo fi ẹsẹ̀ gbá a mọ́ ògiri. Àtàǹpàkò mi wú, akoto náà kò ní àpá kan. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera.

"Bàbá Tóbi, ṣé ẹ ti wá rí ohun tí èyí tí inú rẹ̀ pé ń ṣe?"

Ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Lọ́jọ́ Ajé, Tega dé lásìkò. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó gbé àpò sẹ́yìn, ó mú ìwé kékeré dání. Màmá Ẹbùn ti wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ gbé ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn. Akoto Ẹ̀gbọ́n Délé wà lórí tábìlì, ó ń dán, kò tijú.

Ọ̀dọ̀ Màmá ló kọ́kọ́ yíjú sí. "Mama, this man dey carry you for money?"

"Money ke? Na fish I dey give am."

Ìwé wa kò fàyè gba kí n máa gba owó ọkọ̀, ẹja sì lè di owó ọkọ̀ lójú ẹni tó bá ń wá ẹ̀sùn.

"Every time?"

"Every time wey e greet me." Màmá na ọwọ́ rẹ̀ tó dára sábẹ́ àga, ó fa ọ̀rá ẹja kan yọ. "You sef don greet me. Take."

Tega rẹ́rìn-ín, ó ní iléeṣẹ́ àwọn kò gbà á láyè. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ìwé oníwèé láti òdìkejì, mo sì rí ohun tó kọ: "Passenger gives fish to everybody." Mo mí.

Mo tètè mí. Ó wo akoto orí tábìlì, ó wò mí, ó ti fọ́ọ̀mù kan síwájú mi. "Oga, before you sign. Anything wey enter this paper, na im I go carry go office. If I find lie inside, I go close the whole file. Your own, and Mama own join."

Mo mú bírò. Mo wo àyè tí wọ́n kọ "akoto" sí, mo wo ọwọ́ Màmá. Ìka rẹ̀ ti wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Màmá kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀rín ló ń rín sí mi, ó ń fi orí ṣe pé kí n fọwọ́ sí i, kí àwọn dókítà lè bẹ̀rẹ̀.

Mo fi bírò sílẹ̀. Mo ní akoto yìí kì í ṣe tèmi. Mo ní mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ inú tèmi nítorí fìlà, òun ló sì bo ojú mi tí mo fi já sínú yanrìn. Mo fi Yorùbá sọ ọ́ fún Màmá, mo fi Pijin sọ ọ́ fún Tega. Kò dùn létí nínú ìkankan.

Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Nítorí fìlà?" Ó wá fi èdè Ìlàjẹ kún un, ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ dáadáa àmọ́ tí n kò ní kọ síbí.

Tega fa fóònù yọ. "I don dey wait for you since," ó ní. Ó fi fọ́tò kan hàn mí. Ọkùnrin tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀, ó ń fi akoto mi da omi sínú sìmẹ́ńtì. PRESS hàn gàdàgbà. Ọmọbìnrin yìí ti lọ síbi ìjàǹbá náà láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ti bá àwọn tí ó ṣojú wọn sọ̀rọ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó kà á fún wa. Oníbọ̀ọ̀lì ní: "The cap dey inside the helmet like soup for pot." Oníbúlọ́ọ̀kù ní: "E good well well for carry water. Inside am empty." Ogún ọdún ni mo ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí. N kò rò ó rí pé wọ́n lè sọ tèmi fún ẹlòmíràn.

Ìyàwó mi rọra wí láti ìdí iná: "Ike ìbumi. Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀ àbí n kò sọ?"

Ìwé adójútòfò dé ọ̀sán Ọjọ́rú. Wọ́n ní akoto ẹni tó gbé Màmá kò kan ọwọ́ Màmá, nítorí náà wọ́n gbà láti tọ́jú rẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ọjọ́ keje gan-an, ìka rẹ̀ sì ti ń mì báyìí. Ní ti iwájú orí mi àti máṣíìnì mi, wọn kò ní san nǹkan kan, torí akoto tí mo fi ọwọ́ ara mi bà jẹ́ ló fa gbogbo rẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta bóyá màá rí àṣìṣe kan. Wọn kò ṣàṣìṣe.

Mo wá mọ̀ báyìí pé fóòmù inú akoto ló ń gba ìyà kí orí tó gbà á. Ẹni tó bá gé e kúrò, orí rẹ̀ ló fi dípò. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gun máṣíìnì, ẹ ki ọwọ́ bọ inú tiyín wò lónìí, ẹ so okùn rẹ̀, kí ẹ sì ka ìwé adójútòfò yín kí ó tó di pé abẹ́rẹ́ wà níwájú orí yín. Bí mo bá rántí obìnrin tó ń kígbe pé orí mi ń yí lọ, ẹ̀rín á pa mí, lẹ́yìn náà àpá á dùn mí. Òtítọ́ ló sọ, mo ti sọ orí nù tipẹ́.

Kí iléeṣẹ́ náà tó tún ṣe ìwé fún mi, wọ́n ní kí n gbé máṣíìnì àti akoto tuntun lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fún àyẹ̀wò. Ọ̀gá ibẹ̀ gbọ́ ìtàn mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ó ní lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, agogo mẹ́wàá, òun máa bá àwọn oníalùpùpù sọ̀rọ̀, kí n gbé akoto àtijọ́ wá, kí n sì dé fìlà náà, kí wọ́n lè rí i bó ṣe rí. Oníbúlọ́ọ̀kù kọ̀ láti dá akoto padà àfi bí mo bá fi kọ́rọ́bá tuntun pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti ra kọ́rọ́bá. Màmá Ẹbùn ní iwájú pátápátá lòun máa jókòó sí. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò náà, bí mo ṣe ń jáde ní ọ́fíìsì wọn ni ọ̀gá náà pè mí padà.

"And Oga reporter," ó ní, "enter keke come."